Àwòrán Níní Lára Ìwé Oyèbísí

Ọmọ ọdún méje ni Oyèbísí nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Bàrígà. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n gbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà ti kọ́ béèyàn ṣe ń kàwé láàárín ariwo. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé kò lè rí nǹkan tí wọ́n kọ̀wé sí kó má kà á. Bébà tí wọ́n fi wé àkàrà pàápàá, á kọ́kọ́ tú u, á kà á tán, kó tó rántí àkàrà.

Nígbà tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì tí kò sí owó àtilọ síwájú, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Ṣómólú, sọ́dọ̀ ọkùnrin ará Abẹ́òkúta kan tó ń jẹ́ Ràmọ́nù, tó ní ilé ìtẹ̀wé. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń ké ní àdúgbò yẹn, tí òórùn íǹkì á gba gbogbo ojúlé kan. Iṣẹ́ Oyèbísí ni kó máa tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó tò ó, kó fi àwòrán sí i, kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ńlá. Ó mọ iṣẹ́ náà kíá. Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń wá síbẹ̀: ẹni tó fẹ́ ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, ẹni tó fẹ́ ṣe ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó fẹ́ ṣe rìsíìtì. Ẹlòmíì á gbé ìwé tí ẹlòmíì kọ wá, á ní kí wọ́n bá òun tẹ ẹgbẹ̀rún kan, kí wọ́n sì yọ orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ kúrò. Ràmọ́nù kì í bi wọ́n léèrè. “Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló niṣẹ́,” ohun tó máa ń sọ nìyẹn, Oyèbísí náà kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá bá lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó máa ń rò pé bó ṣe yẹ kí nǹkan rí nìyẹn.

Owó tó rí níbẹ̀ ló fi rán ara rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Akoka. Nígbà tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé gírámà kan ní Bàrígà. Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló wà ní yàrá iṣẹ́ wọn, mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú mẹ́fà ọ̀hún sì rèé, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń tàn. Màmá Kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, ó sì mọ̀, kò bínú sí i.

Ìwé tí wọ́n ń lò fún ẹ̀kọ́ náà wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ní. Bẹ́ẹ̀ ni Oyèbísí ṣe pinnu pé òun yóò kọ tòun, ìwé pélébé tí apá gbogbo òbí á ká. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Bí ilé ìwé bá ti pa dé, á jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, á máa kọ díẹ̀díẹ̀, á máa dán an wò lára àwọn ọmọ, á pa èyí tí kò yé wọn rẹ́. Orí kẹfà ló pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ nípa kọpiráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ṣe nǹkan ní lórí ohun tó ṣe, ì báà jẹ́ ìtàn, ì báà jẹ́ orin, ì báà jẹ́ àwòrán.

Ó wá ku èèpo ìwé. Ó wá àwòrán títí lórí ayélujára, àwọn ọmọ òyìnbó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà olówó ńlá ló ń rí. Lọ́jọ́ kẹta ló kan ọ̀kan tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn: ọmọbìnrin kan tó jókòó lórí ike ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tó gbé kíbọ́ọ̀dù lé eékún, tó ń tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ̀ǹpútà kankan nítòsí rẹ̀. Báírò dúdú ni wọ́n fi yà á. Orí ìkànnì kan tó kó àwòrán ọ̀kẹ́ àìmọye jọ ló wà, wọ́n kọ ọ́ sókè pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí orúkọ ẹni tó yà á. Oyèbísí gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ṣe èèpo, ó gbé e lọ bá Ràmọ́nù, wọ́n tẹ irínwó ẹ̀dà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n pín ìwé náà fún kíláàsì kẹta. Nígbà tí aago lù tí gbogbo wọn tú jáde, ọmọbìnrin kan kò lọ. Níní lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, kì í sí lára àwọn aláriwo, kì í sì í sí lára àwọn tó ń nawọ́ sókè. Ó dúró títí ẹni ìkẹyìn fi jáde, ó wá rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Kí ló dé?”

“Àwòrán iwájú ìwé yìí, mà. Èmi ni mo yà á.”

Oyèbísí rẹ́rìn-ín músẹ́. “O fẹ́ sọ pé o ti ya irú ẹ̀ rí.”

“Rárá, mà. Òun gan-an ni.”

Ó yọ ìwé àwòrán kan tí èèpo rẹ̀ ti ya nínú báàgì, ó ṣí i. Ike ọ̀dà rèé, ọmọbìnrin rèé, kíbọ́ọ̀dù rèé. Ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n kọ “Níní” wẹ́wẹ́, wọ́n ya ewé kékeré kan sí i. Oyèbísí wo èèpo ìwé tirẹ̀. Ibi tó yẹ kí ewé náà wà gan-an ni wọ́n ti gé àwòrán náà kúrú.

Níní fi ìka kan kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì kan ti yọ níbẹ̀, ihò rẹ̀ ṣófo. “B ló yọ, mà. Kíbọ́ọ̀dù wa nílé ni. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló jù ú nù, mo lọ ṣà á.”

Oyèbísí rí i pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà ni, olùkọ́ sì ni, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. “Níbo lo gbé e sí?”

“Orí ayélujára, mà. Ojú ewé mi.”

“Ó dáa. Ohun tó bá ti dórí ayélujára, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ibi tí wọ́n kọ ọ̀fẹ́ sí ni mo ti mú un. Mi ò jí i.”

Níní wo ilẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kọkànlélógójì…”

Kò parí rẹ̀. Oyèbísí mọ ohun tó wà lójú ìwé kọkànlélógójì, òun ló kọ ọ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé bí nǹkan ṣe wà lórí ayélujára kò sọ pé kò ní olóhun. Pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó wá olóhun lọ kó tọrọ àṣẹ.

“Máa lọ sílé,” ó sọ fún ọmọ náà. “A máa sọ̀rọ̀.”

Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó rìn lọ sí ibùdókọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí i lọ́nà ni kò gbọ́. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe pé ọmọ kékeré mú un. Ohun tó ń dùn ún ni èsì tó fún un. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní Ṣómólú lójú rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó ti kà láti ìgbà náà.

Ọbaníkòró ni òun àti ọkọ rẹ̀, Adéjìmí, ń gbé. Ilé ìwòsàn ní Igbóbì ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ń gé ilá tó ti gé tán tẹ́lẹ̀. Oyèbísí ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ta ló kọ ojú ìwé kọkànlélógójì?” Adéjìmí bi í.

“Èmi ni.”

“Ṣé o gbà á gbọ́ nígbà tó o ń kọ ọ́?”

“Mo gbà á gbọ́.”

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́bàá ògiri. “Ọmọ yẹn dúró títí gbogbo wọn fi lọ kó tó bá ẹ sọ ọ́. Ó bo àṣírí ẹ. Ìwọ náà wá ronú ohun tó tọ́ sí i.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, Oyèbísí gba Ṣómólú lọ. Ràmọ́nù ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti lọ sí Mẹ́kà, Alhájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é báyìí, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ náà ló ṣì ń jókòó sí. Ọgọ́jọ ẹ̀dà ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọn ò tíì gán pọ̀.

“Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iṣẹ́ yẹn dúró.” Ó ṣàlàyé.

Bàbá náà tẹ́tí sí i dé òpin, ó wá mi orí. “Bísí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa mọ̀? Àbí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló fẹ́ pè ẹ́ lẹ́jọ́?”

“Kò pè mí lẹ́jọ́ o, Alhájì. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀.” Ó jókòó tì í. “Ṣé ẹ rántí kàlẹ́ńdà yẹn? Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ yà, tẹ́ ẹ ya mọ́ṣáláṣí méjìlá sí, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀?”

Ràmọ́nù gbójú sókè.

“Oṣù méjì lẹ fi yà á. Èmi ni mo tẹ àwọn dátì sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ti dà á tẹ̀, tí wọ́n ń tà á ní àdúgbò yìí. Ẹ jókòó sórí òkìtì bébà níbẹ̀ yẹn, ẹ kò jẹun ọ̀sán.”

Ẹ̀rọ ń ké lẹ́yìn wọn. “Mo ṣi dátì kan kọ nínú oṣù Ràmàdáánì,” bàbá náà ní. “Wọn ò tiẹ̀ tún un ṣe. Àṣìṣe mi gan-an, wọ́n kó o mọ́ ọn.” Ó fọwọ́ nu ojú, bí ẹni tí òógùn mú. “Àwọn tí èmi náà ti bá èèyàn tẹ iṣẹ́ wọn láìgbàṣẹ ńkọ́? Mi ò rò ó lọ́jọ́ náà. Mo kàn ń bínú ni.”

Lẹ́yìn náà ni Ràmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ara ti ń tù ú. Ó ní kò ní ṣòro láti tẹ sítíkà kékeré tó ní orúkọ ọmọ náà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìwé, àtèyí tó ti jáde, àtèyí tó kù. “Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn òbí ẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, èèpo mìíràn la máa tẹ̀. Owó èèpo yẹn, ìwọ àti èmi la jọ máa san án.”

Ní ọjọ́bọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, Oyèbísí pe Níní sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Mo fẹ́ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ ohun tí mo ṣe. Ṣé kí n dárúkọ ẹ?” Ọmọ náà ronú, ó ní kó má tíì dárúkọ òun. Oyèbísí gbà.

Ó dúró níwájú àwọn ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta, ó gbé ìwé náà sókè. Ó sọ fún wọn pé àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ ní ẹni tó yà á, pé òun kò wá ẹni náà, òun kò tọrọ àṣẹ, òun kàn mú un ni. “Ohun tí mo kọ sí ojú ìwé kọkànlélógójì, èmi fúnra mi ò tẹ̀lé e. Mo ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ olóhun lọ́kàn mi, mo ṣì ń lọ tọrọ rẹ̀ lójúkojú. Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú.”

Wọn ò rí i kí àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Àyànfẹ́olúwa, ọmọkùnrin kan tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ló kọ́kọ́ nawọ́.

“Mà, ṣé a ò wá lè lo àwòrán kankan fún asáímẹ́ǹtì mọ́?”

Ìdáhùn náà gba gbogbo àkókò tó kù, kò sì sí ẹni tó sùn. Ó sọ fún wọn pé òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ni àti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́: èèyàn lè mú díẹ̀ nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ fi kẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, kó sì sọ ibi tó ti mú un. Ṣùgbọ́n bó bá ti di nǹkan tí wọ́n ń tà, bíi tòun yìí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ó sọ pé àwọn kan wà tó fúnra wọn kọ ọ́ sára iṣẹ́ wọn pé kí ayé máa lò ó, kí wọ́n sáà dárúkọ àwọn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ka ohun tí olóhun kọ, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíì bá lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ kan bèèrè ọ́fíìsì tí wọ́n ti máa ń gba kọpiráìtì.

“Kò sí ibi tó o fẹ́ lọ gbà á kó tó di tìẹ,” ni Oyèbísí dáhùn. “Ní kété tó o bá ti kọ ọ́ tàbí tó o ti yà á sórí nǹkan, ó ti di tìẹ. Ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó fi ṣọ́ọ̀kì ya ewúrẹ́ sórí bébà, òun ló ni ewúrẹ́ náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Níní náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Oyèbísí lọ sílé àwọn Níní. Ìyá ọmọ náà, Serifat, ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn kan. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé. Bó ṣe rí tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé ọmọ òun ti ṣẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Kí ló ṣe?”

“Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá Níní. Níní ò ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.”

Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Serifat. Nígbà tó yé e, ó gbé ìwé náà lọ sẹ́nu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó. Oyèbísí tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá, ó tọrọ lọ́wọ́ ọmọ, ó wá bèèrè bóyá wọ́n á gbà kí àwòrán náà dúró sára ìwé. Bí wọn ò bá gbà, òun á yọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà, orúkọ ọmọ á wà lára rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ohun tó tọ́ sí i.

“Mo ti ń gbálẹ̀ fún àwọn ènìyàn fún ọdún méjìlá,” Serifat sọ. “Wọ́n ń sọ fún mi pé kí n ṣe báyìí, kí n ṣe báyẹn. Èmi ò rántí ìgbà tí ẹnì kan wá tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ mi rí.” Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lo yà á. Kí lo wí?”

“Kó dúró, mà,” Níní dáhùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, ṣùgbọ́n Oyèbísí fẹ́ mọ bí àwòrán náà ṣe ṣáko lọ. Ó ní kí Níní fi ojú ewé tó kọ́kọ́ gbé e sí han òun. Fóònù ìyá rẹ̀ ni Níní ń lò. Ó ṣí ojú ewé náà, ó gbé e fún tíṣà pẹ̀lú ayọ̀, nítorí pé àwòrán mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀.

Oyèbísí wo àwọn àwòrán náà, wọ́n dára. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà lókè wọn: orúkọ ọmọ náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, orúkọ ilé ìwé rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé, orúkọ òpópónà tí wọ́n ń gbé, àti nọ́ńbà fóònù, “fún ẹni tó bá fẹ́ ra àwòrán.”

“Níní, ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ̀wé sí ẹ láti ibí?”

Ọmọ náà ṣe iyè méjì. Ó wá tẹ ibì kan lórí fóònù. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Uncle Kóyè ló wà níbẹ̀. Láti oṣù méjì ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ìyìn ló fi bẹ̀rẹ̀: ó ní irú ẹ̀bùn báyìí kò wọ́pọ̀, pé òun ń ra àwòrán fún àwọn tó wà lókè òkun. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ta ni àti ta ni wọ́n jọ ń gbé, ìgbà wo ni màmá ẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kó má sọ fún màmá, nítorí àwọn òbí kì í jẹ́ kí ẹ̀bùn ọmọ dàgbà. Èyí tó kọ kẹ́yìn sọ pé kó wá pàdé òun ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin, ní ibì kan ní Akoka, kó dá wá, kó má wọ aṣọ ilé ìwé, òun á fún un ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yàwòrán. Níní ti dá a lóhùn pé ó ti gbọ́.

Serifat ka tirẹ̀ lórí èjìká tíṣà. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra kó tó mọ̀. Oyèbísí di ọwọ́ náà mú.

“Ìyá Níní, ẹ jọ̀ọ́. Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbé fóònù fún wa. Tá a bá nà án torí pé ó fi hàn wá, lọ́jọ́ mìíràn kò ní fi hàn wá mọ́.”

Ọwọ́ Serifat rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sunkún. “Mo rò pé èèyàn dáadáa ni, mà,” Níní ń sọ. “Òun nìkan ló ń sọ pé àwòrán mi dára.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Oyèbísí lọ́kàn. Ọdún kẹta rèé tí ọmọ yìí ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níwájú òun.

Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ó sì ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dá ọkùnrin náà lóhùn, kí wọ́n má sì pa ohunkóhun rẹ́. Ó ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Wọ́n pe pírínsípà, wọ́n sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin ọlọ́pàá kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé gba ẹjọ́ wọn, ó bá Níní sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì dá a lẹ́bi. Kí wọ́n tó padà sílé, Níní fúnra rẹ̀ ti yọ fọ́tò, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà kúrò lórí ojú ewé náà, ó ti tì í pa fún àjèjì.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin, ilé ni Níní wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tó ti bá ẹnì kan pààrọ̀ iṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá lọ síbi tó dá ní Akoka, wọn ò rí ẹni tí wọ́n lè dá mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, orúkọ Uncle Kóyè ti pòórá lórí ayélujára. Serifat rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Oyèbísí kò jẹ́ kó parí. Pẹ̀lú àṣẹ Níní àti ìyá rẹ̀, ó sọ ìtàn náà fún gbogbo kíláàsì láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì ní kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí wá bá òun, kò sí ìyà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọbìnrin méjì ti wá. Ọkùnrin kan náà ni. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ní nọ́ńbà fóònù tó fi pè é. Nọ́ńbà yẹn ni obìnrin ọlọ́pàá náà tọ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pe Oyèbísí pé ọwọ́ ti tẹ ẹni náà. Ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ ní kóòtù.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ Oyèbísí ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, á kọ ọ́ sójú pátákó pé má ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún, àwọn ọmọ á dà á kọ. Ní báyìí, ìbéèrè ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó le jù fún un ni ọjọ́ tí Àyànfẹ́olúwa dìde.

“Mà, nínú ọ̀rọ̀ kọpiráìtì, ẹ ní ká máa kọ orúkọ wa sára iṣẹ́ wa. Nínú ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ ní ká má máa fi ara wa hàn. Èwo ni ká tẹ̀lé?”

Oyèbísí kò ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ó wá ní kí àwọn jọ rò ó. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí aago fi lù. Ẹnì kan ní kí wọ́n má gbé nǹkan kan sórí ayélujára mọ́. Àwọn yòókù ní ìyẹn ò ṣeé ṣe. Níní ló wá nawọ́ sókè, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Ó ní orúkọ ẹni lọ̀tọ̀, ibi tí èèyàn ń gbé lọ̀tọ̀. Ó ní òun lè fún ara òun lórúkọ tí òun á máa fi yàwòrán, kí àwọn tó yẹ kó mọ̀ nìkan mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Oyèbísí lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé òfin gbà bẹ́ẹ̀: orúkọ tí oníṣẹ́ bá yàn ṣì ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀.

Báírò Dúdú ni Níní yàn. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn kan, Serifat fọwọ́ sí i, Oyèbísí fọwọ́ sí i, Ràmọ́nù ṣe ẹlẹ́rìí, orúkọ gidi ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù pírínsípà. Ràmọ́nù tẹ sítíkà náà, ó ní òun ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. “Báírò Dúdú ló ya àwòrán yìí, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀ la fi lò ó.” Odidi ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni kíláàsì kẹta fi lẹ sítíkà mọ́ irínwó ìwé, àwọn kan lẹ̀ ẹ́ wọ́, àwọn kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn lórí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ mọ́ pé Níní ni, nítorí pé òun ló sọ fún wọn.

Ní Ṣómólú, Ràmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí kò bèèrè rí. Bí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ wá, á wo àwòrán, á wo ọ̀rọ̀, á ní, “Ta ló ni èyí? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ gbé e wá?” Àwọn kan pòṣé, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Àwọn kan padà wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ dín kù díẹ̀ fún bàbá náà ní oṣù àkọ́kọ́, kò sì yí ohùn padà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ mẹ́sàn-án ló yàwòrán sínú rẹ̀, orí kẹfà sì ti gùn sí i. Ẹ̀dà kan dé ọwọ́ obìnrin kan tó ń kọ́ni ní Akoka. Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà kan dé sí ilé ìwé. Obìnrin náà kọ̀wé pé òun ń ṣe pátákó ìkéde fún ìpàdé kan lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, òun sì ń bẹ Báírò Dúdú kó jọ̀ọ́ yọ̀ǹda àwòrán ọmọ orí ike ọ̀dà fún òun.

Oyèbísí fún Níní ní lẹ́tà náà nígbà ìsinmi ọ̀sán, ìyá rẹ̀, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, jókòó tì í. Níní kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Mà, ṣé mo lè sọ pé rárá?”

“O lè sọ pé rárá. Tìẹ ni.”

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, Serifat mi orí sí i pé kó sọ tẹnu rẹ̀. Níní yọ bébà kan, ó sì kọ èsì rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ̀wé pé òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìpàdé yẹn nìkan, kí wọ́n má gé igun kankan kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun àti màmá òun wá wò ó níbi tí wọ́n bá gbé e kọ́ sí.